Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta ìsinmi etí òkun fún wa lórí WhatsApp

Ẹ̀yin ará Yàgbà, Ìjùmú, Òwé, Bùnú àti Òwòrò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fi owó ìsinmi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Bí Kérésì tàbí Àjíǹde bá ti ń sún mọ́lé, irú ìpolówó kan a máa wọ orí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ti ìjọ àti ti alájẹṣẹ́kù. Ọjọ́ mẹ́rin ní etí òkun. Àgbádárìgì ni o, Kútọnu àti Ouidah ni o, tàbí Accra pẹ̀lú Cape Coast. Ọkọ̀, yàrá, oúnjẹ, bódà, gbogbo rẹ̀ wà nínú iye kan ṣoṣo. Ẹ san ìdajì kí Jímọ̀ tó pé, ààyè mẹ́fà péré ló ṣẹ́ kù. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni gbájúẹ̀. Àwọn olóòótọ́ wà níbẹ̀, òógùn ojú wọn ni wọ́n sì ń jẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń lu ni ní jìbìtì ti kọ́ ọgbọ́n tuntun. Tẹ́lẹ̀, ayédèrú ìwé ni wọ́n máa ń fi ránṣẹ́, ẹni tí ojú rẹ̀ bá là díẹ̀ á sì ti rí i. Ní báyìí, ojúlówó ìwé ni. Ẹ lè yẹ̀ ẹ́ wò títí, ẹ ò ní rí àléébù kankan lára rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe ti òtẹ́ẹ̀lì. Lórí Booking.com àti àwọn ojúlé bíi tirẹ̀, yàrá púpọ̀ ló wà tí èèyàn lè gbà láìsan kọ́bọ̀, kó sanwó nígbà tó bá débẹ̀, kó sì fagi lé e lọ́fẹ̀ẹ́ títí di ọjọ́ kan tàbí méjì ṣáájú ọjọ́ tó yẹ kó wọlé. Oníjìbìtì náà á gba yàrá ní orúkọ yín, àmọ́ í-meèlì tirẹ̀ ni yóò fi sí i. Ìwé á jáde: orúkọ yín, orúkọ òtẹ́ẹ̀lì, ọjọ́, nọ́ńbà, gbogbo rẹ̀ pé. Á fi ránṣẹ́ sí yín. Ẹ̀yin náà kì í ṣe ọ̀dẹ̀, ẹ ó pe òtẹ́ẹ̀lì. Òṣìṣẹ́ tó gbé fóònù á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, orúkọ yín wà níbí." Ọkàn yín á balẹ̀, ẹ ó san ìyókù. Lọ́jọ́ kejì, á tẹ ibì kan lórí fóònù rẹ̀, yàrá ti lọ nìyẹn. Ìròyìn pé wọ́n ti fagi lé e kò ní dé ọ̀dọ̀ yín, í-meèlì tirẹ̀ ló ń lọ. Ìgbà tí ẹ bá sọ ẹrù kalẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, tí àwọn ọmọ ti ń sùn lé yín léjìká, ni ẹ ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé kò sí yàrá.

Nítorí náà, "ṣé orúkọ mi wà níbẹ̀" kò tó ní ìbéèrè. Ẹ bi òtẹ́ẹ̀lì pé: ṣé wọ́n ti sanwó yàrá yìí, èló ló kù? Í-meèlì ta àti nọ́ńbà fóònù ta ló wà lórí rẹ̀? Ọjọ́ wo ni kò ní ṣeé fagi lé lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́? Bí wọ́n bá ní kọ́bọ̀ ò tíì wọlé, a jẹ́ pé owó tí ẹ san kò débẹ̀, ohun yòówù kí rìsíìtì ẹni náà máa wí. Ẹ má sì gba nọ́ńbà òtẹ́ẹ̀lì lára ìpolówó. Ẹ fọwọ́ ara yín wá a lórí Google Maps tàbí lórí ojúlé òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀, torí wọ́n a máa fi nọ́ńbà ẹnìkejì wọn síbẹ̀ kí ó lè máa dáhùn bí òṣìṣẹ́. Nígbà tó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tún pè. Ìwé Booking.com máa ń ní nọ́ńbà tirẹ̀ àti PIN. Ẹni tó bá ní méjèèjì lè ṣí i kó rí bó ṣe wà. Bí ẹni tó ń ta ìsinmi náà fún yín bá ti gé ibi tí PIN wà kúrò, tàbí tó fi dúdú bò ó, ẹ bi í léèrè ìdí. Lójú tiwa, èyí tó dáa jù ni kí ẹ gba yàrá náà fúnra yín. Fóònù tí ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí tó fi ṣe é.

Ti bàálù Èkó sí Accra jọ bẹ́ẹ̀. Aṣojú tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lè di ìjókòó mú fún yín láìsanwó. Kóòdù onílẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà á jáde, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sórí ojúlé ilé-iṣẹ́ bàálù, orúkọ yín á sì yọ gbàgàdà. Àmọ́ ìjókòó tí wọ́n dì mú kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì. Tíkẹ́ẹ̀tì ní nọ́ńbà tirẹ̀, dígíìtì 13, tí mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ bàálù náà. Bí ìwé yín bá ní kóòdù mẹ́fà nìkan, tí kò ní dígíìtì 13 yẹn, bí wákàtí tí wọ́n fún un bá ti pé, kọ̀ǹpútà á gba ìjókòó náà padà. Kódà bí nọ́ńbà náà bá wà, aṣojú tó gé tíkẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ lè pa á rẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan náà, kí owó padà sọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni kí ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ tún wò ó nígbà tí ọ̀sẹ̀ ìrìnàjò bá wọlé, lórí ojúlé ilé-iṣẹ́ bàálù tí ẹ fọwọ́ ara yín tẹ̀, kì í ṣe èyí tó fi ránṣẹ́ pé kí ẹ tẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ń ṣe àwa tí a jìnnà sí òkun ní jàǹbá jù, torí ẹni tí kò bá tíì fojú rí i lè gba ohunkóhun gbọ́. Omi òkun láti Àgbádárìgì lọ dé Ouidah àti Grand-Popo kì í mọ́ gaara. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tí eérú dà lé, yanrìn rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ìgbì sì ń wó lulẹ̀ nítòsí bèbè gan-an, tí ìfófòó rẹ̀ á máa ho. Bí ẹ bá rí omi búlúù tó dákẹ́ rọ́rọ́, tí ilé onígi dúró lórí òpó nínú rẹ̀, tí ẹ sì ń wo ìsàlẹ̀ omi kedere, Maldives tàbí irú ibẹ̀ ni wọ́n ti jí i wá. Ilé orí òpó wà ní Ganvié nítòsí Kútọnu lóòótọ́, ṣùgbọ́n orí ọ̀sà Nokoué ni, ìlú apẹja ni, kì í ṣe etí òkun. Ẹ fi Google Lens wo àwòrán náà. Ibi tó ti kọ́kọ́ jáde sábà máa ń hàn. Ẹ kíyè sí àwòrán Èkó náà. Ní 2024 ni wọ́n wó apá tó pọ̀ nínú bíìṣì Landmark nítorí òpópónà etí òkun tó ń lọ láti Èkó sí Calabar. Ẹni tó bá ṣì ń fi àwòrán ibẹ̀ ti àtijọ́ pè yín kò tíì débẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ń ṣèlérí pé àwọn ọmọ á máa lúwẹ̀ẹ́ fàlàlà ní Grand-Popo. Omi tó ń padà sẹ́yìn lábẹ́ ìgbì níbẹ̀ a máa wọ́ àgbàlagbà lọ, láàárín oṣù Kẹfà sí Ìkẹsàn-án ló sì ń le jù. Bí ẹ bá ń kó ọmọ dání, òtẹ́ẹ̀lì tó ní adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni kí ẹ wá.

Ẹ ní kí ẹni náà tú owó palẹ̀ fún yín: èló ni ọkọ̀, alẹ́ mélòó ní èló lálẹ́ kan, èló ni ọkọ̀ ojú omi, ta ló ń san owó oúnjẹ lójú ọ̀nà. Olóòótọ́ á kọ ọ́ fún yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Oníjìbìtì á bínú, á ní ẹ ò fọkàn tán òun. Bí ó bá jẹ́ Gánà ni ẹ fẹ́ gba ọ̀nà ilẹ̀ lọ, ẹ ní kó dárúkọ bódà tí ẹ máa kọjá. Mẹ́ta ni: Sẹ̀mẹ́, Hilla-Condji láàárín Benin àti Tógò, lẹ́yìn náà Aflao ní ẹnu Lomé. Owó CFA ni wọ́n ń ná ní Benin àti Tógò, sídì ni Gánà. Nígbà tí aago bá lu méjìlá ọ̀sán ní Kàbà, mọ́kànlá ni Lomé àti Accra. Ẹni tó ti kó èrò débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á sọ èyí láìronú. Bí ó bá sì sọ pé aago mẹ́wàá alẹ́ ni bọ́ọ̀sì máa gbéra ní Kàbà tàbí Ìsánlú kí ilẹ̀ lè mọ́ bá yín ní Èkó, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹni tó mọ ọ̀nà wa, yálà ti Ọmùò ni tàbí ti Ẹ̀gbẹ̀ sí Kwara, kò jẹ́ kó èrò gba ibẹ̀ lóru lásìkò yìí.

Owó ìwé tún jẹ́ ibòmíràn tí wọ́n ti ń jẹun. Àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún wa ní àǹfààní láti wọ Benin, Tógò àti Gánà láìgba físà, títí di 90 ọjọ́. Ẹni tó bá ta "físà Kútọnu" fún yín, olè ni. Páásípọ́ọ̀tù olójú-ìwé 32 ọlọ́dún márùn-ún ti di ₦100,000 láti oṣù Kẹsàn-án 2025. Ojúlé Immigration ni èèyàn ti ń sanwó rẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara yín dé ọ́fíìsì, irú èyí tó wà ní Lọ́kọ́ja, kí wọ́n lè gba ìtẹ̀ka yín. Kò sí ẹni tó lè bá yín ṣe é láti inú fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Yẹ́lò káàdì ńkọ́? Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ló ń mú un wá, ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni ó sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúlò. Tí ẹ bá gba abẹ́rẹ́ lánàá tí ẹ sì fẹ́ kọjá lọ́la, kò tíì tó. Láti oṣù Keje 2016 ni àjọ ìlera àgbáyé ti sọ pé gbogbo ọjọ́ ayé ni káàdì yìí fi wúlò, nítorí náà ẹni tó bá ń gba owó "àtúnṣe" lórí káàdì yín àtijọ́ ń rẹ́ yín jẹ. Èyí tí wọ́n ń tà ní gárèjì láìgún abẹ́rẹ́ burú jù: kóòdù rẹ̀ lè má ṣí nígbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, ara yín kò sì ní ààbò kankan.

Nípa àkántì, ẹ wo orúkọ tó yọ kí ẹ tó tẹ "send". Bí ìpolówó bá jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́, tí àkántì jẹ́ orúkọ ẹnìkan, ẹ dúró ná. Nọ́ńbà àkántì OPay àti PalmPay sábà máa ń jẹ́ nọ́ńbà fóònù tí wọ́n yọ òdo iwájú rẹ̀ kúrò. Tí ẹ bá rí èyí, láìnì kan lásán ni ẹ ń sanwó sí. Ẹ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ náà lórí ojúlé CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sì wo ọjọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀. "Ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́" kò bá ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lóṣù tó kọjá mu. Àmọ́ wíwà lórí CAC nìkan kì í ṣe ẹ̀rí òótọ́, ẹnikẹ́ni ló lè forúkọ sílẹ̀.

Èyí tó ń dun ni jù nínú gbogbo rẹ̀ ni bí wọ́n ṣe ń fi ará ilé mú ará ilé. Wọn kì í wá bá gbogbo wa. Wọ́n á wá ìyá kan tí ìjọ fọkàn tán, tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́, wọ́n á ní: "Mà, tí ẹ bá kó èèyàn mẹ́wàá wá, tiyín di ọ̀fẹ́." Àkántì ìyá yìí ni owó á kọ́kọ́ wọ̀, òun ni yóò kó o jọ ránṣẹ́ sí wọn. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, láìnì oníjìbìtì ò ní lọ mọ́, ẹnu ọ̀nà ìyá ni àwọn èèyàn mẹ́wàá máa tò sí, orúkọ rẹ̀ sì ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ ní tẹ́ṣàn. Ẹ̀yin tí wọ́n bá fi irú ipò yìí lọ̀, ẹ má jẹ́ kí owó ẹnikẹ́ni gba àkántì yín kọjá. Kí olúkúlùkù san ti yàrá tirẹ̀ fún òtẹ́ẹ̀lì. Ti bọ́ọ̀sì, ẹ lọ wo ọkọ̀ náà àti ìwé rẹ̀, kí ẹ san díẹ̀, kí ìyókù dúró di ìgbà tí gbogbo yín bá ti jókòó sínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ti sanwó, kó má dúró bẹ̀bẹ̀ lórí WhatsApp, àsìkò ló ń fi ṣòfò. Ẹ pe báńkì yín lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ka Session ID tó wà lára rìsíìtì fún wọn, kí ẹ ní kí wọ́n bá báńkì tó gba owó sọ̀rọ̀ láti dì í mú. Bí owó bá ṣì wà níbẹ̀, wọ́n lè dì í. Bí wọ́n bá ti kó o jáde, ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá. Ẹ ya àwòrán gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ kí ó tó pa á rẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ àti ìpolówó náà, kí ẹ kó wọn lọ sí tẹ́ṣàn, kí ẹ sì fi ẹ̀sùn sun FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ẹlòmíràn lè pè yín pé òun lè bá yín gba owó náà padà tí ẹ bá san owó fáìlì. Ó lè pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ báńkì tàbí EFCC, ó sì lè mọ iye tí ẹ san gẹ́lẹ́. Ọ̀dọ̀ àwọn tó kó owó yín ló ti mọ̀ ọ́n. Ẹ má san kọ́bọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi kún ẹjọ́ tí ẹ ti fi sun ọlọ́pàá.