Mo lọ kọ́ nípa ẹṣin láti ìbẹ̀rẹ̀: àgbéyẹ̀wò ọgbà ẹṣin kan lẹ́yìn ìlú Ìbàdàn

Bí ẹ bá ń wá ibi tí wọn yóò ti gbé yín gun ẹṣin lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ ya fọ́tò, kí ẹ máa lọ sílé, ọgbà yìí kọ́ ni. Èmi fẹ́ mọ ẹṣin fúnra rẹ̀ ni. Mo fẹ́ mọ ohun tó mú kí àwọn ẹṣin tí ìdílé Balógun ń gùn wá kí Awùjalẹ̀ níbi Ojúde Ọba yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń gbá póòlò, kí n sì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń kan ẹṣin lójoojúmọ́. Mo rí ìyẹn gbà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn ẹṣin, kó lọ. Àmọ́ nǹkan méjì wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó sanwó.

Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n kọ́kọ́ fi lé wa lọ́wọ́, gàárì ṣì wà lórí ìkọ́. Kí a tó nu ara ẹṣin, Àǹtí tó ń kọ́ wa fi ibi tó yẹ kí a dúró sí hàn wá. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú ẹṣin wà, torí náà ó ń rí ọ̀tún, ó ń rí òsì, ó sì ń rí púpọ̀ nínú ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò rí ohun tó wà gan-an níwájú imú rẹ̀, kò sì rí ẹni tó dúró tààrà sẹ́yìn ìrù. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ èjìká òsì wá, kí ẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Etí rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀: bí méjèèjì bá lẹ̀ mọ́ ọrùn sẹ́yìn, inú ń bí i, ẹ sún kúrò. Bí ọ̀kan bá yí síhìn-ín tí èkejì yí sọ́hùn-ún, ó ń fetí sí yín ni.

Ibi ẹ̀kọ́ lórí ẹ̀yà ẹṣin ni owó mi ti lọ ní àlọ ire. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n tú palẹ̀ ni pé àwọ̀ kì í ṣe ẹ̀yà. Ẹṣin pupa lè jẹ́ ti Lárúbáwá, ó lè jẹ́ Thoroughbred, ẹ̀yà tí wọ́n fi ń sáré ìje. Èyí tó funfun lójú wa, ó wọ́pọ̀ pé dúdú tàbí pupa ni wọ́n bí i, irun rẹ̀ ló ń funfun bó ṣe ń dàgbà. Ẹ wo awọ rẹ̀ níbi imú, dúdú ni. Lẹ́yìn èyí, Àǹtí ní kí a gbàgbé àwọ̀, kí a máa wo orí, ẹ̀yìn, ìdí àti ẹsẹ̀.

Ẹṣin Lárúbáwá, iwájú orí rẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀, ihò imú rẹ̀ gbòòrò, ó sì máa ń gbé ìrù sókè bó bá ń rìn. Dongola, tí orúkọ rẹ̀ ti ìlú kan ní Sudan wá, ìdàkejì ni: láti ojú dé imú, orí rẹ̀ tẹ̀ síta, ìlà funfun gbòòrò sábà máa ń wà lójú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ náà sì máa ń funfun. Barb ti Àríwá Áfíríkà ní ìdí tó rọra dà sísàlẹ̀, ìrù rẹ̀ sì wà nílẹ̀ díẹ̀. Ara rẹ̀ gba ìyà. Púpọ̀ nínú ẹṣin tí a ń rí ní Nàìjíríà, ẹ̀jẹ̀ àwọn méjì yìí ló wà lára wọn. Thoroughbred ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, àyà rẹ̀ jìn. Ìran baba gbogbo wọn lónìí ti ọ̀dọ̀ akọ mẹ́ta wá: Byerley Turk, Darley Arabian àti Godolphin Arabian, tí wọ́n kó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ìparí ọ̀rúndún 17 àti ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún 18. Ìwé ìran wọn ti ń jáde láti 1791. Ẹṣin póòlò tó ń ti Argentina wá, Thoroughbred tí wọ́n mú gun Criollo, ẹṣin ilẹ̀ wọn, ló bí i.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wọn gíga rẹ̀, láti ilẹ̀ dé òkè èjìká níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn. Ọwọ́ kan jẹ́ íǹṣì 4. Nítorí náà, 14.2 túmọ̀ sí ọwọ́ 14 àti íǹṣì 2. Èyí tí kò bá ju ìyẹn lọ ni wọ́n sábà máa ń pè ní pony.

Níbi yìí ni àléébù àkọ́kọ́ wà. Ìwé tí wọ́n pín fún wa kún fún ẹṣin Yúróòpù: Shire, Friesian, Shetland. Ó dára kí a mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹṣin tó ń jẹ koríko níwájú wa kò gbà ju ìlà díẹ̀ nínú rẹ̀. Kò sí gbólóhùn kan lórí Ọ̀yọ́, ìjọba tó fi ẹṣin jagun, tó ń ra ẹṣin láti òkè ọya, tí ẹṣin rẹ̀ kì í pẹ́ nínú igbó kìjikìji nítorí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Kí ni ọmọ Yorùbá fẹ́ fi ìtàn ẹṣin ṣe bí kò bá mọ ìyẹn? Ó yẹ kí wọ́n tún ìwé náà kọ.

Màlàámù tó ń tọ́jú àwọn ẹṣin ló dí àlàfo náà. Ọmọ Kánò ni, Yorùbá rẹ̀ já geere. "Ẹ bọ́ sí apá ibí, Màdáámù, ẹ jẹ́ kó rí yín." Ó la ẹnu ẹṣin kan, ó fi ọjọ́ orí rẹ̀ hàn wá lára eyín. Ó fi èrìgì tí eyín kò sí hàn wá, níbi tí ìjánu máa ń jókòó sí, ó ní ẹni tó bá rí ibẹ̀ kò ní fa ìjánu tagbáratagbára mọ́. Òun ló sọ pé ẹṣin kì í lè bì. Bí oúnjẹ tó bu bá wọlé, inú rírun tó lè pa á ló ń yọrí sí. Ó máa ń gbóòórùn ewé ẹ̀pà gbígbẹ àti ọkà bàbà kó tó da á sílẹ̀ fún wọn.

Gígùn náà dé nígbẹ̀yìn, pẹ̀lú okùn gígùn lọ́wọ́ Àǹtí kí ẹṣin má baà sá lọ. Ó ní kí a máa ka ìró pátákò: mẹ́rin bó bá ń rìn, méjì bó bá ń sá kúṣẹ́kúṣẹ́, mẹ́ta bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀.

Àléébù kejì ni akoto. Wọn kò ní ìwọ̀n tó pọ̀, èyí tó bá sì fún lórí irun dídì kì í jókòó dáadáa. Mo kọ̀ láti gùn títí wọ́n fi rí èyí tó bá mi mu, wọn kò sì bínú. Ẹ̀yin náà, ẹ kọ̀. Ẹni tó bá ti di irun nípọn, kó dì í mọ́lẹ̀ pẹlẹbẹ kó tó lọ, kó sì wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, tó ní gìgísẹ̀ kékeré, kí ẹsẹ̀ má baà yọ́ wọ inú irin gàárì.

Owó ìjókòó kan kò ju ohun tí n óò fi kún táǹkì mọ́tò kékeré lọ. Bí òjò bá rọ̀, wọ́n máa ń sún un síwájú, wọn kì í dá owó padà. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó lọ. Bí wọ́n bá ní Màlàámù kò sí nílé lọ́jọ́ náà, ẹ mú ọjọ́ mìíràn.