Kámẹ́rà Inú Ọkọ̀ Wo Ló Lè Gbèjà Awakọ̀ Lẹ́yìn Ìjàǹbá? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Fẹ́ Rà Á

Bí ọkọ̀ méjì bá gbára wọn ní òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, kí eruku tó rọlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ á ti di méjì. Onídáńfó á ní ẹ̀yin lẹ já wọ iwájú òun láìtan tíráfíkétọ̀, kọ́ńdọ́ rẹ̀ á jẹ́rìí gbè é, àwọn tó ń wòran á sì ti dá ẹjọ́ náà tán kí àwọn òṣìṣẹ́ FRSC tó dé. Kámẹ́rà kékeré tí à ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀, èyí tí àwọn tó ń tà á ń pè ní dash cam, wúlò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé kò ní ẹbí níbẹ̀, kò sì ní ọ̀rẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà ní Computer Village n'Íkẹjà àti lórí Jumia pọ̀ lọ jàra, nọ́ńbà gàgàrà tó wà lára páálí ni wọ́n sì fi ń fa ojú oníbàárà mọ́ra. Ohun mẹ́ta ni èmi fi ń wọn kámẹ́rà: bóyá fídíò ìṣẹ̀lẹ̀ náà yóò wà níbẹ̀ nígbà tí a bá wá a, bóyá a ó lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ kejì nínú rẹ̀, àti bóyá iléeṣẹ́ adójútòfò tàbí kóòtù yóò gbà á wọlé.

Oní-bátìrì àti oní-kapásítọ̀

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí olùrà fara balẹ̀ jù, nítorí pé àwọn ọlọ́jà kì í sábà dárúkọ rẹ̀. Ara ọkọ̀ ni kámẹ́rà ti ń jẹ iná, síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ ní agbára díẹ̀ nínú ara rẹ̀ tí yóò fi pa fáìlì tó ń gbà lọ́wọ́ dé bí iná bá já lójijì. Ìgbà ìjàǹbá gan-an ni iná sì lè já: bí iwájú ọkọ̀ bá wó mọ́ bátìrì, tí kámẹ́rà kò sì ní agbára tirẹ̀ mọ́, fáìlì tí a nílò jù lọ ni yóò bàjẹ́. Àwọn kámẹ́rà kan ń lo bátìrì lithium bíi ti fóònù fún iṣẹ́ yìí, àwọn mìíràn ń lo kapásítọ̀ (capacitor), ẹ̀yà kékeré kan tó ń tọ́jú iná díẹ̀ fún ìgbà kúkurú.

Ọkọ̀ tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa sínú oòrùn ọ̀sán ní oṣù kejì tàbí ìkẹta ọdún lè gbóná kọjá ìwọ̀n 50 Celsius nínú, ìdí gíláàsì tí kámẹ́rà lẹ̀ mọ́ sì tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bátìrì lithium kì í fara da irú ooru bẹ́ẹ̀ pẹ́ títí. Agbára rẹ̀ á máa dín kù, á wú, ó sì lè ya ara kámẹ́rà sí méjì. Mo rí ọ̀kan bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ àbúrò mi ní Ìbàdàn tí ẹ̀yìn rẹ̀ wú bí àkàrà, ó sì ti tó oṣù mẹ́ta tí kò ti gba ohunkóhun sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Kapásítọ̀ ní tirẹ̀ kì í tọ́jú iná púpọ̀, ìwọ̀nba tí yóò fi pa fáìlì dé ni, ṣùgbọ́n ó ń fara da ooru ju lithium lọ dáadáa. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ kò lè yọ ọ́ kúrò lára wáyà kí ẹ fi ya àwòrán ibi tí ọkọ̀ ti fẹnu kora. Fóònù yín á ṣe ìyẹn. Viofo A119 V3, tó ń gba àwòrán 2560 × 1600, jẹ́ oní-kapásítọ̀, irú rẹ̀ ni mo sì fara mọ́. Fún ọkọ̀ tó ń sùn níta, tó ń jí síta, n kò ní ra oní-bátìrì bí wọ́n tilẹ̀ gé owó rẹ̀ sí ìdajì.

1080p, 1440p àti 4K

Nọ́ńbà mẹ́ta yìí ń sọ bí àwòrán ṣe mọ́ sí: 1080p ló kéré jù nínú wọn, 4K ló ga jù. Lọ́sàn-án, nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, 1080p tó láti ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà níwájú yín. Bí ọkọ̀ náà bá ń sáré, tó sì ti jìn díẹ̀, 4K á fi ohun tí 1080p kò lè fi hàn hàn. Lálẹ́ ni àǹfààní yìí ń kéré, nítorí pé iná iwájú ọkọ̀ yín á tàn sára nọ́ńbà tó ń dán, gbogbo rẹ̀ á sì funfun báláú, ìbáà jẹ́ 4K tàbí òmíràn. Ohun tó ń ranni lọ́wọ́ nínú òkùnkùn ni sẹ́ńsọ̀ rere, ìyẹn ẹ̀yà tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di àwòrán, irú èyí tí Sony ń ṣe tí wọ́n ń pè ní STARVIS. Ẹ wá orúkọ yẹn lára páálí kí ẹ tó wá 4K. Ọgbọ́n kan tún wà tí kò gba owó: bí ẹni tó kọ lù yín bá ń sá lọ, ẹ ké nọ́ńbà rẹ̀ sókè bí ẹ ti ń rí i, ẹ sì sọ bóyá àwọ̀ búlúù ti àdáni ni wọ́n fi kọ ọ́ tàbí pupa ti akérò, torí pé makirofóònù kámẹ́rà á gbà á sílẹ̀.

4K tún ń jẹ àyè káàdì tí fídíò ń wọ̀ sí. Fídíò 1080p sábà máa ń gba nǹkan bíi 6 sí 7 GB ní wákàtí kan, 4K sì lè gba ìlọ́po méjì rẹ̀. Káàdì 64 GB tó ń gba nǹkan bíi wákàtí 9 lórí 1080p lè má ju wákàtí 4 lọ lórí 4K kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tuntun lé ti àtijọ́ lórí. Nextbase 622GW, tó ń gba 4K tó sì ń mú kí àwòrán má gbọ̀n jù, dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ga, bẹ́ẹ̀ ni 1440p tó ní sẹ́ńsọ̀ rere ti tó ọ̀pọ̀ wa í lò.

Ojú kan, ojú méjì, ojú mẹ́ta

Bí ẹnìkan bá gbá yín lẹ́yìn, irọ́ tó sábà máa ń pa ni pé ẹ̀yin lẹ ń ṣe rífáàsì. Kámẹ́rà iwájú nìkan lè já irọ́ yẹn, nítorí pé yóò hàn nínú rẹ̀ pé ẹ ti dúró jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n kò lè fi nọ́ńbà rẹ̀ hàn bó bá ṣẹ́rí padà tó sì sá lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé kí ẹni tó ń gba Third Mainland Bridge lójoojúmọ́ fi owó kún un, kí ó ra olójú méjì, bíi 70mai A500S tó ní GPS nínú tó sì ń gba kámẹ́rà ẹ̀yìn. Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo gíláàsì ẹ̀yìn ọkọ̀ yín: bí tíńtì rẹ̀ bá dúdú jù, kámẹ́rà ẹ̀yìn kò ní rí nǹkan kan lálẹ́. Olójú mẹ́ta, tó ń wo inú ọkọ̀ pẹ̀lú, tọ́ sí àwọn awakọ̀ Uber àti Bolt nìkan. Kí wọ́n lẹ ìwé pélébé mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó tí yóò sọ fún èrò pé kámẹ́rà ń ṣiṣẹ́, torí pé òfin ààbò dátà ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2023 kò fàyè gba kí a máa lo àwòrán àti ohùn ènìyàn bó ṣe wù wá.

Káàdì, kòtò àti ráwáyà

Ẹ má fi káàdì fóònù lásán sínú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ High Endurance sí lára ni wọ́n ṣe fún ìkọ-lé-kọ-lé ojoojúmọ́. Ayédèrú pọ̀ lọ́jà, káàdì tó pe ara rẹ̀ ní 128 GB lè má ju 8 lọ nínú, nítorí náà ẹ fi H2testw, ètò kan tó ń wọn àyè inú káàdì, yẹ̀ ẹ́ wò lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Kámẹ́rà tún ní ohun tó ń mọ ìgbọ̀nrìrì, tó máa ń ti fáìlì pa kí tuntun má bàa kọ lé e lórí. Ó dára, àfi pé kòtò ojú ọ̀nà wa lè máa tì í pa ní ìgbà ogún lójúmọ́ títí káàdì á fi kún fún àwòrán kòtò. Ẹ yan ìwọ̀n ìfura tó rẹlẹ̀ jù, kí ìgbọ̀nrìrì kékeré má bàa máa tì í pa.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ó máa ṣọ́ ọkọ̀ tí a ti pa yóò nílò ráwáyà tí yóò fa wáyà láti inú ilé fíùsì, kí ó sì rí i pé wáyà náà lè dá iná dúró fúnra rẹ̀ kí bátìrì ọkọ̀ tó kú. Èmi kò lo èyí rí, torí pé inú géètì ni ọkọ̀ mi ń sùn.

Kí fídíò tó di ẹ̀rí

Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, 15,000 náírà ni third party ọkọ̀ àdáni, ìyẹn ìdójútòfò tó ń sanwó fún ohun tí a bà jẹ́ fún ẹlòmíràn nìkan, ó sì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà fún dúkìá ẹlòmíràn tí a bà jẹ́. Bí third party nìkan bá ni ẹ ní, ọ̀dọ̀ adójútòfò ẹni tó kọ lù yín ni owó àtúnṣe yín yóò ti wá, ẹ sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ló jẹ̀bi. Ẹni tó ní third party ni kámẹ́rà ṣe pàtàkì fún ju ẹni tó ní comprehensive, èyí tó ń bójú tó ọkọ̀ tirẹ̀ pẹ̀lú, lọ.

Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, abala 84 Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 béèrè ìwé ẹ̀rí tí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ náà fọwọ́ sí, pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò tó gba fídíò ọ̀hún sílẹ̀. Aago kámẹ́rà gbọ́dọ̀ tọ̀nà. Èyí tí ará London bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ yí aago rẹ̀ sí GMT+1, torí pé wákàtí kan péré tó yàtọ̀ sí ti ìwé ọlọ́pàá tó fún agbẹjọ́rò alátakò láti fi da omi sí i. Ẹ yọ káàdì náà, ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, ẹ má gé e, ẹ má sì jẹ́ kí WhatsApp jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí ó wà, nítorí pé WhatsApp máa ń fún fídíò pọ̀, nọ́ńbà tó ṣe é kà tẹ́lẹ̀ á sì di ṣìbáṣìbo.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tíì ká kámẹ́rà lè lo fóònù àtijọ́ pẹ̀lú áàpù ní báyìí ná. Yóò gbóná, yóò sì máa kú lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹ yọ SIM rẹ̀ kí ìpè má bàa dá fídíò dúró, kí ẹ sì gbé e síbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń fẹ́ sí i.