Léṣìn Màmá Tíṣà ní Félélé: bí tọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ ọmọ mi ní JSS1 ṣe lọ

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ JSS1, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka eléyìí, ó gùn díẹ̀ ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Léṣìn kan ló wà ní Félélé níbí n'Ìbàdàn, kò ní pátákó níta, kò lórúkọ, Màmá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pe ẹni tó ni ín. Ilé-ìwé girama ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, pálọ̀ ilé wọn ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí. 10,000 náírà lóṣù, Mọ́ńdè sí Táàsìdè, aago 4 sí aago 6. Ọmọ 9 ni wọ́n ń gbà, JSS1 àti JSS2 nìkan, tó bá ti pé 9 ẹ máa dúró di tọ́ọ̀mù tó ń bọ̀ ni.

Kí n tó sọ ohun tí wọ́n ṣe, ẹ jẹ́ kí n sọ ipò tí ọmọ wà nígbà tí mo mú un lọ.

Ọmọ mi ò ṣe pírámárì 6, láti 5 ló ti ṣe Common Entrance bí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé àdáni ṣe máa ń ṣe é, ọmọ ọdún 10 ló jẹ́ nígbà tó wọlé ní September. Inú mi dùn gan-an ni. Télọ̀ ni mí, Mọ́lété ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, èmi fúnra mi ni mo rán yunifọ́ọ̀mù ẹ̀, mo ra báàgì tuntun, mo ra mathematical set, mo ra nóòtù 14 mo sì fi bébà bo gbogbo wọn lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, mo wá rò pé iṣẹ́ tèmi ti parí nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni inú rírun bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti di alẹ́ Sọ́ńdè, tí aago 8 bá ti ń lù, á di inú mú, á ní inú ń run òun. Mo fún un lóògùn arán, mo tún mú un lọ sí kẹ́mísìtì, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Inú ò sì ní run ún lọ́jọ́ Fúráìdè, kò ní run ún ní Sátidé, alẹ́ Sọ́ńdè ṣá ni.

Aládùúgbò mi kan ló júwe léṣìn ńlá kan fún mi, ojú títì ló wà, mi ò ní dárúkọ wọn. 15,000 lóṣù. Àwọn ọmọ pírámárì 4 àti àwọn SS2 jọ wà nínú yàrá kan náà, wọ́n á tó 30. Ohun tí tíṣà ibẹ̀ máa ń ṣe ni pé á gba asáínmẹ́ǹtì lọ́wọ́ àwọn ọmọ, á ṣe é sójú bọ́ọ̀dù, wọ́n á dà á kọ, ó parí. Ọmọ mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í gba 10 nínú 10, inú tèmi ń dùn. Ìgbà tí tẹ́sìtì àkọ́kọ́ dé ní October ló tó hàn: máàsì 7 nínú 20, Basic Science 8, Yorùbá 9. Yorùbá o! Èdè tá à ń sọ nílé látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ní kó ṣàlàyé LCM tó gba 10 nínú 10 yẹn fún mi, kò lè sọ ọ̀rọ̀ kan, omijé ló ń bọ́ lójú ẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn èmi náà ò sùn.

Oníbàárà mi kan tó wá gba ìró àti bùbá ló sọ fún mi nípa Màmá Tíṣà. Nígbà tí mo pè wọ́n lórí fóònù, wọn ò bi mí léèrè ilé-ìwé tó ń lọ, wọn ò bi mí léèrè ipò tó gbà, wọ́n kàn ní "Ẹ kó gbogbo nóòtù ẹ̀ wá, ẹyọ kan ò gbọdọ̀ kù."

Bí a ṣe débẹ̀, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí nóòtù níkọ̀ọ̀kan. Wọn ò sọ̀rọ̀. Èmi ń wojú wọn. Nígbà tí wọ́n dé orí Basic Science, wọ́n dúró. Ọ̀rọ̀ nípa nǹkan abẹ̀mí ni wọ́n ń kọ lọ́jọ́ náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣe sáyẹ́ǹsì á rántí MR NIGER D, lẹ́tà tí wọ́n fi ń rántí àwọn ohun tí nǹkan abẹ̀mí máa ń ṣe. Ọmọ mi kọ M, ó kọ R, ó kọ N, ó kọ I, ó dúró síbẹ̀. Ìdajì ojú ewé ṣófo, ojú ewé tó tẹ̀ lé e, Social Studies ni wọ́n kọ sí i, nínú nóòtù Basic Science!

Màmá bi í pé "Ọkọ mi, kí ló dé tó fi dúró síbí?"

Ó ní "Wọ́n ti nu bọ́ọ̀dù, mà."

"Ta ló nù ún?"

"Tíṣà Basic Tech ni, mà, píríọ́ọ̀dù wọn ti tó."

Màmá bá pa nóòtù dé, wọ́n yíjú sí mi, wọ́n ní "Ìyá ọmọ, ọpọlọ ọmọ yín ò ní àlébù kankan. Pírámárì lòun ṣì wà, sẹ́kọ́ńdírì lẹ̀yin gbé e lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mi ò rò ó rí. Ní pírámárì, tíṣà kan ló ń kọ́ wọn ní gbogbo ẹ̀, ó mọ ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ ò yá, á dúró dè é títí á fi kọ ọ́ tán. Ní JSS1, sọ́bújẹ́ẹ̀tì lè tó 13 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tíṣà kọ̀ọ̀kan ló sì ní tiẹ̀, 40 mínìtì péré ni píríọ́ọ̀dù wọn níbi tọ́mọ mi wà, bí agogo bá ti dún ẹni tó kàn á wọlé, á nu bọ́ọ̀dù, kò kàn án bóyá o ti kọ nóòtù tán. Ọmọ tó fo pírámárì 6, tí ọwọ́ ẹ̀ ò tíì yá, ibẹ̀ ló ti máa sọnù, òbí á sì máa rò pé kò mọ̀wé ni.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, Màmá ò kọ́ ọ ní máàsì, wọn ò kọ́ ọ ní Basic Science, kí n má parọ́, inú ń bí mi, mo ń sọ lọ́kàn mi pé ṣé báyìí ni owó mi á ṣe máa lọ. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ kan ni wọ́n já, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ní kó fi rúlà pín in kó kọ táìmù-tébù ẹ̀ síbẹ̀ fúnra ẹ̀, bíárò pupa fún sọ́bújẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń fún un ní asáínmẹ́ǹtì, búlúù fún àwọn tó kù. Ara ògiri ibi tó ń sùn la lẹ̀ ẹ́ mọ́. Alalẹ́ ló máa dúró níwájú ẹ̀ tá á fi to báàgì. Ẹ gbà mí gbọ́, ṣáájú ìgbà yẹn nóòtù 14 yẹn ló ń gbé lọ gbé bọ̀ lójoojúmọ́ nítorí kò mọ èyí tó máa lò, èjìká ń dùn ún, èmi ń fi rọ́ọ̀bù pa á.

Ohun kejì ni ọwọ́ kíkọ. Màmá á gbé aago sórí tábìlì, wọ́n á máa ka ìwé sókè, àwọn ọmọ á máa kọ. Kò sí rọ́bà, kò sí fífa ìlà lábẹ́ àkọlé, tó o bá ṣì í kọ o fagi lé e o ń lọ. Wọ́n ní "Kọ ọ́ ná, ẹwà ẹ̀ di ilé." Wọ́n tún ní kó wá ọmọ kan ní kíláàsì wọn tí ọwọ́ ẹ̀ yá, kó bá a ṣe àdéhùn pé ọjọ́ tí nóòtù bá ṣẹ́ kù, lọ́jọ́ náà gan-an ni wọ́n á jọ parí ẹ̀ kí wọ́n tó kúrò ní skúùlù. Wọn kì í gbà kí nóòtù kan di ọ̀la.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ló dùn mí jù. Ilé-ìwé pírámárì tó lọ, wọ́n máa ń ní kí ọmọ tó bá sọ Yorùbá san fáìnì, èmi náà sì ń rò pé ìgbéga ni. Ó wá dé JSS1, wọ́n ní kó kọ fáwẹ́lì àìránmúpè 7, kó kọ àránmúpè 5, kó kọ kọ́ńsónáǹtì 18, kó fi àmì sórí ọ̀rọ̀, bí ẹni tó ń wo Lárúbáwá ló ṣe ń wò ó. Màmá ò fún un ní nóòtù kankan. Wọ́n gbé igbá kan wá láti kíṣìnnì, wọ́n gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n ní kó pè é. Ó ní "igbá." Wọ́n ní kó fi "re mí" kọ ọ́ lórin. Wọ́n wá ní kó sọ okùn tí adẹ́mu fi ń gun ọ̀pẹ, kò mọ̀ ọ́n, wọ́n ní igbà ni, kó kọ ọ́ lórin, ó di "re dò." Wọ́n ní kó sọ iye tó jẹ́ 200, igba, "re re." Wọ́n ní ìgbà òjò ńkọ́, ó fúnra ẹ̀ ní "dò dò, mà!" ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́tà kan náà, ọ̀rọ̀ mẹ́rin. Láti ọjọ́ yẹn gbogbo nǹkan inú ilé ló ń kọ lórin, abọ́, ìlẹ̀kùn, orúkọ èmi gan-an.

Tí inú rírun yẹn wá ńkọ́? Màmá ló wá ìdí ẹ̀. Èmi, gbogbo ìgbà tó bá dé ni mo máa ń bi í pé "Báwo ni skúùlù?" á ní "Fine, mà," mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí Màmá ń bi í yàtọ̀: "Kí lo jẹ ní bírékì lónìí?" Ọjọ́ kìíní ó ní ìrẹsì. Ọjọ́ kejì ó ní ìrẹsì. Ọjọ́ kẹta ló tó tú u sílẹ̀ pé òun ò jẹun, sìníọ̀ kan máa ń rán òun lọ ra búrẹ́dì, ìlà máa ń gùn, bóun bá fi dé, agogo ti dún. Mọ́ńdè ló máa ń le jù. Mo rántí pé kúlà oúnjẹ ẹ̀ máa ń kún padà wálé, mo sì ń bá a wí pé ó ń fi oúnjẹ ṣòfò! Ọlọ́run dárí jì mí. Màmá pè mí lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní kí n má lọ pariwo, kí n lọ bá tíṣà kíláàsì wọn ní pẹ̀lẹ́. Mo lọ, wọ́n gbọ́ mi, látọjọ́ náà inú kíláàsì ni àwọn JSS1 ti ń jẹun kí wọ́n tó jáde síta.

Máàsì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ka máàsì ní UI ló ń wá ṣe é ní Túsìdè àti Táàsìdè. Ó dáa, ó ní sùúrù, kì í bá wọn ṣe asáínmẹ́ǹtì, àpẹẹrẹ míì ló máa ń ṣe tí wọ́n á fi padà sí tiwọn.

Àwọn ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ náà wà o. Pálọ̀ yẹn gbóná, iná kì í fi bẹ́ẹ̀ sí, láǹtà sólà ni wọ́n ń tàn tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú. Wọn kì í kọ́ French rárá, ẹ máa wá ẹlòmíì fún ìyẹn. Tí ọmọ bá dé lẹ́yìn aago 4:15, kọ́rídọ̀ ló máa jókòó sí títí di aago 5, ọmọ mi jókòó síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì nítorí gosíló Mọ́lété, mo bẹ̀ wọ́n pé ọmọ kọ́ ló wa mọ́tò, wọn ò gbà. Mi ò rò pé ó tọ́, mo sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Ohun míì ni pé gbogbo Táàsìdè, òbí gbọ́dọ̀ wá jókòó fún mínìtì 15 kí ọmọ ṣí nóòtù ọ̀sẹ̀ yẹn kó ṣàlàyé ẹ̀ fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ télọ̀, ẹ mọ bí November ṣe máa ń rí, aṣọ ọdún ti kún ilẹ̀. Mo rán ọmọṣẹ́ mi lọ lẹ́ẹ̀kan, Màmá ní kó padà, pé ọmọṣẹ́ kọ́ ló bí ọmọ. Ìgbà yẹn inú bí mi. Ṣùgbọ́n nínú mínìtì 15 yẹn ni mo ti mọ ọmọ mi ju gbogbo October lọ, kò sẹ́ni tó máa gba ìyẹn lọ́wọ́ mi mọ́.

Rìsọ́ọ̀tì dé ní December. Tẹ́sìtì méjì ní 40, ìdánwò ní 60. Máàsì 58, Basic Science 64, Yorùbá 76. French 31, ó féèlì ẹ̀, a ti ń wá ẹni tó máa kọ́ ọ. Ọ̀sẹ̀ méje péré ló lò lọ́dọ̀ Màmá. Sọ́ńdè tó kẹ́yìn nínú November, mo ń rán aṣọ lọ́wọ́ nílé, aago 8 lù, mo gbé orí sókè mo ń retí kó di inú mú. Ó dúró níwájú kàlẹ́ńdà, ó ń ka Mọ́ńdè sókè, ó ń to báàgì.

Tí wọ́n bá ní kí n fún wọn ní máàkì, màá fún wọn ní 8 nínú 10, kọ́rídọ̀ yẹn àti French ló gba 2 lọ. Ẹ má dúró di ìgbà tí tẹ́sìtì bá dé kẹ́ ẹ tó lọ o, àyè 9 yẹn máa ń tètè kún, ẹ lọ lọ́sẹ̀ tí skúùlù bá wọlé ní January. Ẹ bèèrè Màmá Tíṣà lọ́wọ́ àwọn oníkọ̀rọ̀pe ní Félélé, wọ́n á júwe. Kẹ́ ẹ sì kó gbogbo nóòtù ọmọ dání, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè.