Móòdù wadcutter oníhò nídìí fún .38 Special: ọjọ́ 23 lórí píìnì kan tó wọ́

Ọjọ́ 23 ni àwọn tó ta móòdù yìí fún mi, ohun tí a ń da òjé yíyọ́ sí kó di ọta ìbọn ìléwọ́ .38 Special, fi ń sọ fún mi pé mi ò mọ òjé dà. Nígbà tí ẹni tó mọ iṣẹ́ wá bá mi sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré la fi rí ibi tí ọ̀rọ̀ wọ́ sí. Mo ń kọ èyí kí ẹni tó bá fẹ́ ra irú rẹ̀ lè mọ ohun tó máa yẹ̀ wò lọ́jọ́ tí àpótí bá dé.

Ẹni tó ń yìnbọn ìléwọ́ sí bébà mọ ọta wadcutter, mi ò ní fa ìyẹn gùn. Orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ihò tó ń lu sí bébà sì mọ́ roboto bí èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ lu sára ìwé fáìlì. Kò sí pé à ń bá ẹni tó ń ka máàkì jiyàn bóyá ihò kan ìlà tàbí kò kàn án. Èyí tí ọ̀pọ̀ ń dà nílé dì láti orí dé ìdí. Èyí tí mo rà yìí kò wọ́pọ̀: ihò jíjìn wà nídìí rẹ̀, ògiri ihò náà sì fẹ́lẹ́, òun ni màá máa pè ní yẹ̀rì. Tí ètù bá jó, agbára rẹ̀ á ti yẹ̀rì náà síta, á lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá ìbọn, èéfín ò ní ríbi sá gbà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá kì í dà á, òjé tútù ni wọ́n ń fi ẹ̀rọ tẹ̀ di ọta. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe móòdù rẹ̀ kò fi pọ̀, tí owó rẹ̀ sì fi le. Dọ́là 138 ni mo ra olójú kan ṣoṣo, tó ń da ọta kan lẹ́ẹ̀kan, idẹ ni wọ́n fi ṣe é, ọta tó wúwo tó gíréènì 148 ló ń dà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yìn wọ́n níbi tó yẹ. Idẹ náà dára púpọ̀. Apá méjèèjì pa dé débi pé tí ẹ bá gbé e kọjú sí gílóòbù, ẹ ò ní rí ìmọ́lẹ̀ láàárín wọn. Irin pẹlẹbẹ tó ń gé òjé tó ṣẹ́ kù lórí ń yí geere láì ha idẹ lára. Epo tí wọ́n fi pa á kó má dípẹtà pọ̀, ṣùgbọ́n omi gbígbóná, ọṣẹ ìfọbọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín kó o tán. Orí ọta ló kọjú sókè nínú móòdù yìí, píìnì tó ń ṣe ihò ń ti ìsàlẹ̀ wọlé. Nítorí náà, ojú ibi tí a ti gé òjé á wà lórí ọta, kì í ṣe nídìí rẹ̀.

Òjé rírọ̀ ló fẹ́. Òjé pọ́n-ùn 20 sí tánganran (tin) pọ́n-ùn 1 ni mo lò. Òjé tí wọ́n ń kàn mọ́ rímù táyà ọkọ̀ kò dáa fún un, torí antimony tó wà nínú rẹ̀ ń mú un le, yẹ̀rì ò sì ní ṣí bó ṣe yẹ. Síǹkì tún máa ń bá irú òjé bẹ́ẹ̀ rìn. Òjé ń yọ́ ní Fahrenheit 621, síǹkì kì í yọ́ títí dé 787, torí náà ẹni tí kò ní nǹkan míì kó má jẹ́ kí iná kọjá 700 nígbà tó bá ń yọ́ ọ. Síǹkì á léfòó, kó fi ṣíbí irin kó o dànù. Fún dídà gan-an, 720 ni mo gbé ìkòkò sí. Mo ju ìda oyin bí èékánná sínú rẹ̀, mo rò ó, mo kó eérú orí rẹ̀ kúrò.

Ogún àkọ́kọ́ hunjọ bí àgbàlagbà. Ìyẹn ò bí mi nínú, móòdù tí kò tíì gbóná máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó gbóná tán, ọta bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, etí wọn mú, ara wọn ń dán. Mo ka àádọ́ta. Ojú lásán ò lè rí àlèébù kankan.

Orí pápá ni àṣírí ti tú. Ní yáàdì 25, pẹ̀lú ìbọn lórí tìmùtìmù, ọta márùn-ún fẹ̀ tó ínṣì 4.6 síra wọn. Ihò méjì nínú wọn gùn bí ẹyin, ìyẹn ni pé ọta ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú ọ̀nà. Ọta tí wọ́n tẹ̀ nílé iṣẹ́, nínú ìbọn kan náà, lọ́jọ́ kan náà, kò kọjá ínṣì 1.5. Mo padà sílé, mo wọn yẹ̀rì. Kálípà lásán kì í wọn ògiri tó tẹ̀ dáadáa, nítorí náà ẹ fi ọ̀pá irin roboto tín-ín-rín kan sínú ihò, ẹ wọn irin àti ògiri pọ̀, kẹ́ ẹ wá yọ ìwọ̀n irin kúrò. Apá kan jẹ́ ínṣì 0.041, apá kejì jẹ́ 0.028. Ọta tí apá kan ìdí rẹ̀ wúwo ju èkejì lọ kò lè yí bí ọmọlúàbí.

Ìgbà náà ni mo kọ̀wé sí wọn. Mo kọ ìwọ̀n méjèèjì, mo fi fọ́tò mẹ́rin sí i. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni èsì dé: ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ra ọjà wa, ẹ mú móòdù gbóná lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Kò sí ẹni tó bi mí léèrè bó ṣe ń gbóná. Mo tún kọ̀wé. Wọ́n ní ọwọ́ ni wọ́n fi ń yẹ gbogbo móòdù wò kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. Mo ní ó dáa, ẹ ṣàlàyé ínṣì 0.013 tó yàtọ̀ yìí fún mi. Èsì kẹta ló bí mi nínú jù: “Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ máa ń ní ìṣòro pẹ̀lú òjé tútù.” Wọ́n wá ní kí n dá móòdù padà, owó ìfiránṣẹ́ sì di tèmi. Dọ́là 14.60. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, móòdù mi padà dé pẹ̀lú ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn pé wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ti nù ún, ó ń dán. Mo dà mẹ́wàá, mo wọn ọ́n: 0.041, 0.028.

Mo pè wọ́n ní ọjọ́ kẹtàlélógún. Orin ni wọ́n fi dá mi dúró fún ìṣẹ́jú 38. Nígbà tí ọmọbìnrin kan wá gbé e, ó ní òun máa so mí mọ́ ọ̀gá òun, ó sì ṣèèṣì so mí mọ́ yàrá tí wọ́n ti ń gé irin. Mo mọ̀ torí mò ń gbọ́ ariwo ẹ̀rọ lẹ́yìn. Bàbá àgbàlagbà kan ló gbé e. Kò kí mi pẹ́, kò sì bi mí ní nọ́ńbà ọjà. Ohun tó bi mí ni pé, apá tó fẹ́lẹ́ yẹn, ibo ló kọjú sí nínú móòdù, ọwọ́ ọ̀tún àbí òsì? Mi ò mọ̀. Gbogbo ọjọ́ 23 yẹn, n kò ronú kan ìyẹn, àwọn náà ò sì bi mí.

Ohun tó ní kí n ṣe rèé, kí gbogbo ẹni tó bá ra móòdù oníhò nídìí ṣe é lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi ohun tó mú fa ìlà fínnífínní sẹ́nu móòdù, lápá ọ̀tún, kó lè yọ sára ọta. Ẹ fi bírò máàkà tọ́ àmì sí ìsàlẹ̀ píìnì náà, kó kọjú sí apá ọ̀tún yẹn. Ẹ dà márùn-ún, ẹ wo ibi tí apá fífẹ́lẹ́ bọ́ sí. Ẹ wá tú ìdè píìnì, ẹ yí i kí àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjú sí òsì, ẹ tún dà márùn-ún. Tí apá fífẹ́lẹ́ kò bá kúrò níbi tó wà, ihò tí píìnì ń gbà wọlé ni wọn ò lu sí àárín, móòdù ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ gba owó yín. Tó bá tẹ̀ lé píìnì lọ sí òdìkejì, píìnì ló wọ́, móòdù ò ní àrùn kankan. Tèmi tẹ̀ lé píìnì. Mo ṣe é nígbà tí bàbá yẹn ṣì wà lórí fóònù, torí ìkòkò ti wà lórí iná. Ó ní, “Hẹn-ẹn. Màá gé òmíràn fún ẹ lónìí.” Ó gé e lóòótọ́. Ọjọ́ kẹta ni ó dé nínú àpòòwé lásán, láìgba kọ́bọ̀, pẹ̀lú bébà tó fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ méjì sí: píìnì gbígbóná.

Yẹ̀rì tó ń jáde látìgbà náà jẹ́ 0.034 sí 0.035 yíká. Mi ò tíì rí irú ẹ̀ lára ohun tí wọ́n dà nílé.

Ọ̀rọ̀ méjì tó fi pẹ́ńsù kọ yẹn sì lólówó. Píìnì tín-ín-rín, ìta móòdù ló ń wà nígbà tí ẹ bá ń yọ ọta, torí náà òun ló ń kọ́kọ́ tutù. Tó bá tutù, òjé á dì kó tó yí i ká, yẹ̀rì á ní fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ti ṣóńṣó rẹ̀ bọ inú òjé yíyọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Tí òjé kò bá lẹ̀ mọ́ ọn mọ́, ó ti tó. Tí ọta bá ń kọ̀ láti bọ́ lára rẹ̀, ẹ fi èéfín àbẹ́là pa á lára. Ẹ má fi òòlù lu idẹ láéláé, igi ni kẹ́ ẹ fi kan bóòtù tó so ọwọ́ móòdù méjèèjì pọ̀. Ẹ jẹ́ kí òjé orí irin pẹlẹbẹ yẹn dì dáadáa kẹ́ ẹ tó gé e, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á fa orí ọta ya. Iṣẹ́ náà lọ́ra, mi ò ní parọ́: 90 tó dára ni mò ń rí láàárín wákàtí kan.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ kì í, ẹnu ìkarahun ọta, ìyẹn ife idẹ tí ètù àti ọta ń wọ̀, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fiyè sí. Irin tó ń ṣí ẹnu rẹ̀ fún ọta lásán kúrú, wadcutter sì ń wọlé títí dé ẹnu ìkarahun. Tẹ́ ẹ bá lo èyí tó kúrú, ìsàlẹ̀ ìkarahun á fún yẹ̀rì rírọ̀ pọ̀, ọta tẹ́ ẹ fi làágùn ṣe kó fẹ̀ ní ínṣì 0.358 á di 0.355 kó tó rí iná. Ẹ ra irin tí wọ́n ṣe fún wadcutter. Ètù Bullseye gíréènì 2.7 ni òṣùwọ̀n tí àwọn ayìnbọn-sí-bébà ti ń lò tipẹ́. Síbẹ̀, ẹ wo ìwé àwọn tó ṣe ètù, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀. Ètù yìí kéré nínú ìkarahun débi pé ẹrù méjì lè wọ ọ̀kan láì dà sílẹ̀, torí náà ẹ to àádọ́ta sórí pátákó, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú gbogbo wọn kí ọta kankan tó wọlé. Ẹ má sì wá eré sísá fún ọta yìí. Tí ètù bá pọ̀, orí lè já lọ kó fi yẹ̀rì sílẹ̀ nínú ọ̀pá ìbọn, èyí tẹ́ ẹ bá tún yìn tẹ̀ lé e á sì ba ìbọn jẹ́. Tí ìró kan bá rọ̀ jù, ẹ dúró, ẹ wo inú ọ̀pá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé ní Nàìjíríà, ẹ dákun, ẹ má dán an wò. Òfin Amẹ́ríkà gba ẹni tó bá kì ọta fún ara rẹ̀ láàyè, tó bá fẹ́ tà á ló nílò ìwé àṣẹ. Òfin Nàìjíríà ò gba aládàáni láàyè rárá. Níbikíbi tẹ́ ẹ bá wà, òjé kì í ṣe ohun tí a ń fi sáré: ẹ ṣílẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ má fi ìkòkò ọbẹ̀ yọ́ òjé, ẹ wẹ ọwọ́ kẹ́ ẹ tó jẹun, kí ọmọdé má sún mọ́ ibẹ̀. Ìdọ̀tí òjé ló pa ọmọ tó lé ní 400 ní Zamfara lọ́dún 2010. Ẹ̀kán omi kan tó bá kó sábẹ́ òjé yíyọ́ sì tó láti tú ìkòkò sí ẹni lójú.

Mo padà sí pápá. Yáàdì 25 náà ni, tìmùtìmù kan náà. Márùn-ún wọ ínṣì 1.3, ìgbà mẹ́rin nínú márùn-ún. Òrùka X, àárín gbùngbùn bébà ìyìnbọn tí wọ́n ń pè ní B-8, fẹ̀ ní ínṣì 1.695, ẹ fi ọkàn ṣe ìṣirò rẹ̀. Ihò mẹ́ta so pọ̀ bí ewé kan tí kòkòrò jẹ.

Àlèébù tó kù: ìdè píìnì máa ń tú díẹ̀díẹ̀ tó bá gbóná, mo ń fún un le ní gbogbo ọta 40. Igi ọwọ́ móòdù kúrú, ó sì ń gbóná. Fún ẹni tó bá fẹ́ rà á, ẹ má kọ lẹ́tà. Ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n so yín mọ́ yàrá tí ariwo ẹ̀rọ ti ń jáde.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Dọ́là 14.60 mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn.