Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tó fẹ́ ra ọkọ̀ oníbátìrì fún ọjọ́ìbí ọmọ: ẹ má sanwó kí ẹ tó rí abẹ́ ìjókòó rẹ̀

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin àǹtí àti àǹkù tó ń wá ẹ̀bùn fún ọmọ tó fẹ́ pé ọdún méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Àwọn atajà kan wà lórí Instagram àti WhatsApp, àwọn mìíràn sì wà nínú ọjà gan-an, tí wọ́n ń ta ọkọ̀ ọmọdé tí kò lè rìn. Ọkọ̀ náà á máa dán, iná iwájú rẹ̀ á tàn, orin á máa jáde lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá jókòó sínú rẹ̀, kò ní kúrò lójú kan, tàbí kó yí pálọ̀ po lẹ́ẹ̀kan kó sì kú. Bátìrì ni wọ́n fi ń rẹ́ àwọn òbí jẹ, ìdí bátìrì náà la sì ti lè mú wọn.

Oríṣi mẹ́ta ló pọ̀ jù lọ́jà: 6V, 12V àti 24V (V ni fóltì, ìyẹn agbára iná bátìrì). Èyí tó jẹ́ 6V máa ń rìn tó kìlómítà 3 sí 4 ní wákàtí kan. Ó tó ọmọ ọdún méjì sí mẹ́ta lórí ilẹ̀ títẹ́jú. 12V lè sá tó kìlómítà 5 sí 8, ó sì lágbára láti gba orí koríko tàbí ilẹ̀ tó ga sókè díẹ̀. 24V kì í ṣe ti ọmọ kékeré rárá. Nítorí pé èèyàn kò lè mọ ìyàtọ̀ 6V àti 12V láti ìta, owó 12V ni àwọn oníjìbìtì ń gbà lórí 6V. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọ́n á ní mọ́tọ̀ méjì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré, ló ń yí táyà rẹ̀, pé 6V lọ́nà méjì, 12V nìyẹn. Irọ́ ni. Iye mọ́tọ̀ kò lè sọ bátìrì 6V kan di 12V. Bátìrì 6V méjì tí wọ́n so tẹ̀lé ara wọn, pọ́sítíìfù ọ̀kan mọ́ nẹ́gétíìfù èkejì, ló ń di 12V. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ páálí rẹ̀: ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bíi 12V7AH×1, tàbí 6V4.5AH×2 (AH ni ìwọ̀n iná tí bátìrì lè gbà sínú, nọ́ńbà ẹ̀yìn × ni iye bátìrì). Bó bá jẹ́ 6V4.5AH×1 ló wà níbẹ̀, 6V ni, ohunkóhun tí ì báà máa jáde lẹ́nu atajà.

Páálí nìkan kò tó o, torí wọ́n ń pààrọ̀ bátìrì. Ẹ ní kí wọ́n ṣí ìjókòó. Síkúrù kan tàbí méjì ló sábà máa ń dì í mú, iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára bátìrì fúnra rẹ̀, kì í ṣe sítíkà tí wọ́n lẹ̀ lé e. Ẹ tún fi ọwọ́ wọn ìwúwo rẹ̀. Bátìrì 12V7Ah gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15, ó sì wúwo tó kìlógíráàmù 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irú rẹ̀ ló wà nínú UPS kékeré tí wọ́n ń lò fún kọ̀ǹpútà. 6V4.5Ah kò tó kìlógíráàmù kan, kò sì gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 7 lọ. Irú rẹ̀ ló wọ́pọ̀ nínú fáànù àti iná abẹ́ṣájì. Bí wọ́n bá kọ 12V7Ah sára bátìrì tí ẹ lè fi àtẹ́lẹwọ́ kan bò mọ́lẹ̀, ẹ ti mọ̀ pé jìbìtì ni. Bí ara rẹ̀ bá wú, tàbí tí nǹkan funfun tàbí àwọ̀ ewé bá hù sí ibi tí wáyà wọlé, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Kí ló dé tí bátìrì tuntun inú páálí fi ń kú? Bátìrì olójé ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn. Irú bátìrì yìí ń pàdánù iná díẹ̀díẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó sì yẹ kí wọ́n máa ṣájì í lóṣooṣù. Ọkọ̀ náà wà lórí omi fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ó wọ ilé ìkẹ́rùsí, ó tún wọ ṣọ́ọ̀bù. Ó lè pé ọdún kan kó tó dé ọwọ́ yín. Bó bá pẹ́ tí bátìrì ti gbẹ báyìí, nǹkan líle kan á bo àwọn òjé pẹlẹbẹ inú rẹ̀, kò sì ní lè gba iná dáadáa mọ́. Atajà rere mọ èyí, ó sì ń ṣájì ọjà rẹ̀. Oníjìbìtì náà mọ̀ ọ́n, ó kàn ń sáré tà á ni.

Níbí ni ẹ̀tàn wọn ti dùn jù. Wọ́n á sọ fún yín pé, "Ìwé inú páálí ní kí ẹ ṣájì í fún wákàtí 8 sí 12 kí ẹ tó lò ó, ìdí nìyẹn tí a kò fi lè dán an wò níbí." Òótọ́ ni pé ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí irọ́ wọn wọ èèyàn létí. Ṣùgbọ́n bátìrì tí ara rẹ̀ dá ṣì yẹ kó ní iná tó lè gbé ọkọ̀ náà rìn díẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá mira rárá, ẹ má gbà. Bí wọ́n bá ki bátìrì tí kò mira yìí bọ ṣájà, tí iná ṣájà náà jẹ́ irú èyí tó ń yí padà, tó sì di àwọ̀ ewé láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kì í ṣe pé ó ti kún. Bátìrì náà ti kọ iná ni.

Ẹ̀tàn kejì ni fídíò. Wọ́n á gbé ọkọ̀ náà lé orí bẹ́ńṣì kí táyà rẹ̀ má kan ilẹ̀, wọ́n á tẹ̀ ẹ́, táyà á máa yí fìrìfìrì. Kò fi nǹkan kan hàn, nítorí táyà tí kò gbé ẹrù kò béèrè agbára. Orí ilẹ̀ ni kí wọ́n ti dán an wò, pẹ̀lú ọmọ tàbí ẹrù tó wúwo bíi rẹ̀ lórí rẹ̀, fún ìṣẹ́jú márùn-ún ó kéré tán. Bí ẹ bá lè yá mítà tí àwọn oníná fi ń yẹ iná wò, ẹ gbé e dání. Bátìrì 12V tó kún, tí kò ṣiṣẹ́, máa ń wà ní 12.6 sí 12.8; ti 6V a máa wà ní nǹkan bíi 6.3 sí 6.4. Nígbà tí ọkọ̀ ń gbé ọmọ, nọ́ńbà náà á lọ sílẹ̀ díẹ̀. Bó bá já wálẹ̀ láti 12.6 sí ìsàlẹ̀ 10.5 lójú ẹsẹ̀, bátìrì náà ti kú.

Fún ẹ̀yin tó ń gba wébíìlì láti Èkó sí Ìbàdàn, Òṣogbo, Àkúrẹ́ tàbí Ìlọrin, ewu tiyín pọ̀ jù, torí garáàjì ni ẹ ti máa kọ́kọ́ fojú kan ohun tí ẹ rà. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣe fídíò tuntun: orúkọ yín àti ọjọ́ òní lórí ìwé, páálí, abẹ́ ìjókòó, ohun tí wọ́n tẹ̀ sára bátìrì, àti ọkọ̀ náà tó ń gbé ẹrù lórí ilẹ̀, kí wọ́n má gé e. Ẹni tó bá ní ọjà lọ́wọ́ kò ní í rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ wo orúkọ àkáǹtì: bí orúkọ ṣọ́ọ̀bù bá yàtọ̀ pátápátá sí orúkọ tí owó ń lọ bá, ẹ béèrè ìdí. Ẹ lè wá orúkọ iléeṣẹ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbọ́ pé ọ̀túnla ni ọjọ́ìbí ọmọ, wọ́n á fi kánjúkánjú pa yín. Nítorí náà, ẹ má sọ ọjọ́ náà fún wọn, ẹ sì ra ọjà náà ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Rìmóòtù tí òbí fi ń darí ọkọ̀ náà gba àyẹ̀wò. Ọ̀pọ̀ rìmóòtù yìí ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ so mọ́ ọkọ̀ tirẹ̀, kì í ṣe èyí tó bá ṣáà wà nínú páálí. Ẹ ní kí wọ́n so ó lójú yín. Ẹ ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ bátìrì pẹlẹbẹ rìbìtì bíi bọ́tìnnì ló wà níbẹ̀, ìdérí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní síkúrù. Bí èékánná bá lè ṣí i, ẹ má mú un wọlé tọ́mọ kékeré wà. Bí bátìrì yẹn bá há sí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ, ó lè jó o lára jinlẹ̀ láàárín wákàtí méjì. Ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni. Ẹ má jẹ́ kó bì. Bí ọmọ náà bá ti ju oṣù 12 lọ, tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ lè fún un ní oyin ṣíbí kékeré 2 ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá lójú ọ̀nà, kó má ju ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ. Ẹ má dúró wá oyin kiri o.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun burúkú. Ẹ kàn gbà pé bátìrì rẹ̀ ti kú, kí ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí ẹ máa san.

Bí wọ́n bá ti rẹ́ yín jẹ, ẹ pe báǹkì yín kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá atajà jà, torí owó tó bá ti kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀ ṣòro láti gbà padà. Ẹ tọ́jú páálí, fídíò, rìsíìtì àti gbogbo ọ̀rọ̀ orí WhatsApp. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé "a kì í dá owó padà" kò lè gba ẹ̀tọ́ tí òfin ọdún 2018 fún oníbàárà lórí ọjà tó bàjẹ́. FCCPC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni ẹ máa fi ẹjọ́ sùn. Bó bá sì jẹ́ pé bátìrì nìkan ló kú, ẹ ra òmíràn tí V rẹ̀ àti ìwọ̀n rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Ẹ má jẹ́ kí oníná kankan ki 12V bọ ọkọ̀ 6V kó lè sáré. Eyín gíà rẹ̀, ike ni, á wó. Bọ́ọ̀dù iná inú rẹ̀ lè jó. Ṣájà àtijọ́ náà kò sì ní lè ṣájì bátìrì tuntun ọ̀hún.