Ẹ̀yin tó ń se ọṣẹ, ẹ ṣọ́ra fún kọ́sítíìkì tí wọ́n ń bù láti inú àpò tó ti ṣí

Ẹ̀yin ará mi tó ń se ọṣẹ tà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ẹ tó tún lọ ra kọ́sítíìkì sódà. Sódà áàṣì, tí kò lágbára tó kọ́sítíìkì, ni wọ́n tà fún mi ní orúkọ kọ́sítíìkì, owó kọ́sítíìkì ni wọ́n sì gbà lọ́wọ́ mi. Àwa mẹ́ta tí a jọ ń rajà lọ́dọ̀ oníṣòwò kan ló ṣẹlẹ̀ sí.

Kílò márùn-ún ni mo rà. Oníṣòwò náà bù ú láti inú àpò tó ti ṣí, ó rọ ọ́ sínú ọ̀rá dúdú. Nígbà tí mo bi í bóyá ojúlówó ni, ó bu díẹ̀ sínú omi, ó ti bébà lítímọ́ọ̀sì pupa bọ̀ ọ́, bébà náà sì di búlúù lójú mi. Ó ní, "Mọ̀mí, ṣé ẹ ti fojú ara yín rí i?" Mo rí i lóòótọ́. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé gbogbo álíkálì ló ń sọ bébà yẹn di búlúù: kọ́sítíìkì, sódà áàṣì, kánún tí a fi ń se ẹ̀wà, àní omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú. Bí omi ìṣápá náà ṣe rí nìyẹn. Ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, á túbọ̀ pupa; ẹ kán omi eérú sí i, àwọ̀ ewé ló máa yí sí. Nítorí náà, ẹ má gba bébà yẹn ní ẹ̀rí mọ́.

Nígbà tí mo délé ni àmì àkọ́kọ́ yọjú, tí mo sì fojú fò ó. Bí a bá da kọ́sítíìkì tó péye sínú omi, kíá ni omi náà máa gbóná débi pé ọwọ́ ò ní lè di ike rẹ̀ mú. Tèmi kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni. Mo ní bóyá omi ló pọ̀ jù. Kílò kan àdín ń fẹ́ nǹkan bíi 176 gíráàmù kọ́sítíìkì. Mo wọn 352 fún kílò méjì, mo pò ó, mo pò ó títí apá fi ń ro mí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àdín ṣì léfòó sókè, omi wà nísàlẹ̀.

Kọ́sítíìkì ló ń tú òróró palẹ̀, tí á fi di ọṣẹ àti gílísárììnì. Sódà áàṣì kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, pàápàá nínú àpòpọ̀ tí kò rí iná. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi máa ń gbé omi eérú àti àdín kaná fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Nítorí pé ọṣẹ kò dì, mo fi ìdajì kún ìwọ̀n mi. Mo tún padà sọ́dọ̀ oníṣòwò yẹn, àpò mìíràn ló bù fún mi, ojúlówó sì ni lọ́tẹ̀ yìí. Ìwọ̀n tí mo ti fi kún ni mo lò. Ọṣẹ náà dì kíákíá, inú mi dùn. Ìyá tó ń bá mi fọ aṣọ ló kọ́kọ́ lò ó. Kí ó tó dalẹ́, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó, ó pupa, kò lè di ṣíbí mú. Kọ́sítíìkì tó ṣẹ́ kù, tí kò rí òróró jẹ, awọ ènìyàn ló jẹ. Mo gbé ìyá náà lọ sí ilé ìwòsàn, mo sì da gbogbo ọṣẹ náà nù.

Ẹ wo bí ẹ ṣe lè dán an wò. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ bu omi sínú ife ike, kí ẹ sì rọra da ìdajì ṣíbí ìmutíì kọ́sítíìkì sínú omi náà. Ẹ má ṣe da omi lé e lórí láé, ó lè ta sí yín lójú. Ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ wá rọra dà á sínú fínígà tó pọ̀ díẹ̀. Ẹ má yí i padà o: bó bá jẹ́ fínígà lẹ ń kán sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó lè má hó ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó sì rò pé ó dára. Bó bá jẹ́ sódà áàṣì, á hó ṣùù bí àgbo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mi. Kọ́sítíìkì tó dára kò ní hó, á kàn gbóná díẹ̀ ni. Bó bá hó wẹ́rẹ́, ó lè jẹ́ àpò tó ti pẹ́ ní ṣíṣí, nítorí kọ́sítíìkì máa ń fa omi àti kábọ́ọ̀nù dáóksáìdì inú afẹ́fẹ́ sára, díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa yí padà di sódà áàṣì fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ iyọ̀ ni wọ́n fi lú u, fínígà ò ní fi hàn. Ẹ wo bí omi ṣe gbóná tó.

Oníṣòwò yìí kan náà ló ní kí n máa yọ́ kọ́sítíìkì nínú ìkòkò alumíníọ̀mù. Ẹ má dán an wò! Kọ́sítíìkì ń jẹ alumíníọ̀mù, gáàsì háídírójìnì tó ń tú jáde sì máa ń gbaná. Ike tó nípọn tàbí ìkòkò stainless ni kí ẹ lò.

Àwa mẹ́ta ti ń dáwó ra odidi àpò 25 kílò tí a kò tíì ṣí, a sì ń pín in. Ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ orúkọ ọjà sí. Èmi ò gbà á, ìdí nìyẹn tí ọkùnrin náà fi sọ pé òun ò mọ̀ mí rí nígbà tí mo lọ bèèrè owó mi. Bí ẹ bá ní rìsíìtì, FCCPC, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń dáàbò bo oníbàárà, ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kù nínú kílò márùn-ún yẹn ṣì wà nílé. Aṣọ funfun ni mo fi ń rẹ, mo sì ti kọ SÓDÀ ÁÀṢÌ gàdàgbà sára ike rẹ̀.