Ẹ Ṣọ́ra o: Ìwé Ìkọ̀sílẹ̀ Ọlọ́sẹ̀ Méjì Tí Wọ́n Ń Tà Fáwọn Tó Ṣègbéyàwó Kóòtù

Ẹ̀yin èèyàn wa, àwọn kan ti gba orí WhatsApp àti Facebook kan báyìí, wọ́n ń polówó ìkọ̀sílẹ̀ tí kò níjà nínú. Wọ́n á ní: "Ṣé ìwọ àti ọkọ rẹ ti gbà láti pínyà? Ọ̀sẹ̀ méjì péré, ₦80,000, o ò ní dé kóòtù rárá." Ẹ má fún wọn lówó. Bó bá jẹ́ kóòtù lẹ ti ṣègbéyàwó, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún láṣẹ tó sì fún yín ní sàtífíkéètì, kò sí ìwé ọlọ́sẹ̀ méjì tó lè tú u ká.

Iṣẹ́ títẹ̀wé àti fọ́tòkópì ni mò ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹjọ́ kan n'Ìbàdàn. Mi ò kì í ṣe lọ́yà, àmọ́ ìwé ẹjọ́ tó ti gba ọwọ́ mi kọjá kì í ṣe kékeré. Arábìnrin kan ló wá ṣe ẹ̀dà ìwé tiẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ó fẹ́ fẹ́ ọkọ míì, rẹ́jísìrì sì ní kó mú ìwé tó fi hàn pé ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ti tú ká wá. Ìwé náà dán gbinrin: òǹtẹ̀ pupa, orúkọ adájọ́, nọ́ńbà ẹjọ́, gbogbo ẹ̀ ló pé. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ọjọ́ tí wọ́n ní adájọ́ fún un ní decree nisi (ìdájọ́ àkọ́kọ́, tí kò tíì tú ìgbéyàwó ká) àti ọjọ́ decree absolute (ìdájọ́ ìkẹyìn tó tú u ká pátápátá), wọn ò ju ọjọ́ mẹ́rin síra lọ. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé nọ́ńbà yìí lọ sí rẹ́jísìrì ilé ẹjọ́ gíga kí wọ́n bá yín wò ó." Ẹjọ́ ilẹ̀ ni wọ́n bá nídìí nọ́ńbà náà. Ìdílé méjì ló ń fa ilẹ̀ mọ́ra wọn lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ ọkọ àti ìyàwó ò sí níbẹ̀ rárá.

Ẹni tó ta ìwé yẹn fún un ti pa fóònù. Èyí tó wá burú jù ni pé ọkọ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti fi ẹ̀dà ìwé kan náà ṣe ìgbéyàwó kóòtù míì l'Ékòó. Lójú òfin, àǹtí yìí ṣì ni ìyàwó rẹ̀. Òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa ní ẹni tó bá tún ṣègbéyàwó nígbà tí tàkọ́kọ́ kò tíì tú lè fẹ̀wọ̀n ọdún 7 jura. Gbogbo èyí, wọn ò jà rárá o. Wọ́n ti jókòó, wọ́n ti gbà, wọ́n fẹ́ pínyà ní ìrọ̀rùn ni.

Ibẹ̀ gan-an ni àwọn gbájúẹ̀ yìí ti ń rí èèyàn mú. Tọkọtaya tó ti gbà láàárín ara wọn máa ń rò pé ìgbà táwọn ti gbà, ọ̀rọ̀ ti parí, ìwé ló kù. Àwọn olójúkòkòrò náà á ní, "Ìwé náà rèé."

Ọjà tí wọ́n ń tà kò ju oríṣi mẹ́ta lọ. Èkíní ni ohun tí wọ́n ń pè ní affidavit of divorce. Ojúlówó ìwé ni o, ojúlówó òǹtẹ̀ ló wà lára rẹ̀, nítorí ẹnikẹ́ni ló lè lọ búra níwájú kọmíṣọ́nà ìbúra. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò ju pé ẹ búra lọ. Ẹ lè búra pé ẹ ti kọ ara yín sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹ ṣì jẹ́ tọkọtaya. Èkejì ni ìwé láti kóòtù ìbílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan lẹ ṣe, ibẹ̀ gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ lọ, kò sì ní ná yín lówó púpọ̀. Bí ẹ bá ti ṣe ti kóòtù mọ́ ọn, kóòtù ìbílẹ̀ ò láṣẹ lórí ẹ̀. Àwọn kan mọ èyí, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé sàtífíkéètì pamọ́, kẹ́ ẹ má sọ fún adájọ́ pé ẹ ní i. Ẹni tó bá gbà yín nírú ìmọ̀ràn yẹn, ẹ sá fún un. Ẹ̀kẹta ni ayédèrú gidi, irú èyí tí àǹtí mú wá.

Matrimonial Causes Act ti ọdún 1970 ló de ìgbéyàwó kóòtù. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u ká, ìdí kan ṣoṣo ló sì ń gbọ́: pé ìgbéyàwó náà ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ọ̀nà tó bá àwọn tí kò fẹ́ jà mu jù ni pé kẹ́ ẹ ti gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún 2 ó kéré tán ṣáájú kẹ́ ẹ tó pẹjọ́, láìdáwọ́dúró, kí ẹnì kejì má sì tako ó. Tó bá ti tó ọdún 3, bó tako ó, bí kò tako ó, ẹ lè lọ. Ìgbéyàwó tí kò tíì pé ọdún 2 rárá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹ máa kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ adájọ́ kẹ́ ẹ tó pẹjọ́.

Bẹ́ ẹ bá sì ti gbà fún ara yín tán, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹjọ́ náà lé ẹnì kejì lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣèlérí pé "ọkọ yín ò tiẹ̀ ní gbọ́" ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun ò dé kóòtù kankan. Ẹni tó pẹjọ́ á jẹ́rìí fúnra rẹ̀. Bí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá wà, adájọ́ á béèrè bí ẹ ṣe máa tọ́jú wọn, ó sì gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni decree nisi, oṣù 3 sì ni ó máa ń gbà kó tó di absolute. Ẹ ka oṣù yẹn lórí ìwé èyíkéyìí tí wọ́n bá gbé fún yín.

Ní ti owó: owó kóòtù kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó lọ́yà. Lọ́yà sì ni kì í rọrùn, torí ìgbà gbogbo tí ẹjọ́ bá sún síwájú, àwọn kan á tún gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ yín. Ẹ bá a dá iye kan ṣoṣo tó kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, títí kan owó tí wọ́n fi ń lé ìwé lọ́wọ́ àti owó ẹ̀dà tí kóòtù fọwọ́ sí. Kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ ti kọ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ sílẹ̀, owó ilé ìwé, ilé, ilẹ̀, mọ́tò, kẹ́ ẹ sì fọwọ́ sí i. Àwọn tó wà l'Ékòó lè lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bá èèyàn parí ọ̀rọ̀ níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò lè tú ìgbéyàwó. Ẹ̀yin obìnrin tí kò lówó, ẹ wá FIDA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò obìnrin.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wo òǹtẹ̀ NBA, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà, lára ìwé tí lọ́yà kọ. Orúkọ rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ ló máa wà níbẹ̀, kó sì jẹ́ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ gan-an. Mo ti rí ajẹ́ǹtì tó ń lo òǹtẹ̀ ẹlòmíì bí ẹni pé tiẹ̀ ni.

Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ń dọdẹ ẹ̀yin náà: "Ẹ má wá, a ó bá yín ṣe é ní Nàìjíríà." Bẹ́ ẹ bá ti ń gbé England pẹ́ títí, tí ìgbéyàwó sì ti lé lọ́dún kan, ẹ lè fúnra yín ṣe é níbẹ̀ lórí ìkànnì ìjọba. Láti oṣù kẹrin ọdún 2022, ẹ ò ní fi ẹ̀sùn kan ara yín mọ́, ẹ̀yin méjèèjì sì lè jọ kọ̀wé. £612 lowó rẹ̀, oṣù mẹ́fà ó kéré tán ló ń gbà, sàtífíkéètì Nàìjíríà yín sì wúlò fún un.

Ẹni tó bá ti sanwó fún wọn, má pa àwọn ọ̀rọ̀ WhatsApp yẹn rẹ́. Kó wọn pọ̀ mọ́ rìsíìtì báǹkì, lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ lọ́yà gidi ló ṣe é, kọ̀wé sí ẹ̀ka NBA tó wà ládùúgbò rẹ, wọ́n ní ìgbìmọ̀ tó ń bá wọn wí. Ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ yẹn, má gbé e lọ sí rẹ́jísìrì kankan tàbí ẹ́ḿbásì kankan kí ilé ẹjọ́ gíga tó bá ọ yẹ̀ ẹ́ wò.